Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Bá Ń Jó: Ẹ Jẹ́ Kí A Wádìí Kí A Tó Náwó

Nínú ìwé wa olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan tí ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì nìkan, ṣùgbọ́n tí ó kan àpò gbogbo wa. Nǹkan náà ni jíjó tí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ máa ń jó bí ọkọ̀ bá ń sáré. Àwọn awakọ̀ wa ní Yábàá àti Múṣín a máa wí pé, "Táyà ń wọ́bù." Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra ọkọ̀. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń jó, kì í ṣe ọkàn ẹni tí ó ni ọkọ̀ nìkan ni kò balẹ̀. Ọkàn onídùúró kò balẹ̀, owó ẹgbẹ́ pàápàá sì wà nínú ewu.

Ní àìpẹ́ yìí, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yá owó kún èyí tí ó ti fi pamọ́, ó sì ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan tí yóò máa kó èrò láti Yábàá lọ sí Òṣòdì. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ni ó ṣe onídùúró fún un. Bọ́ọ̀sì náà kò tí ì ṣiṣẹ́ tó oṣù kan tí ẹsẹ̀ iwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bí ó bá ti sáré dé ìwọ̀n kan lórí Ìkòròdú Road, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Mẹkáníìkì kìíní wò ó, ó ní tie rod ni. A rà á. Èkejì ní ṣọ́ọ̀kì ni. A rà á. Ẹ̀kẹta ní kí a lọ sí Ládìpọ̀ lọ ra odidi àpótí sítíárìn. A rà á. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ń jó. Fún oṣù mẹ́ta, bọ́ọ̀sì náà kò mú kọ́bọ̀ wálé, oṣù mẹ́ta náà ni a sì fi ń yọ owó nínú owó oṣù àwọn onídùúró. Ọ̀kan nínú wọn wá bá wa, ó ní owó ilé-ìwé ọmọ òun ni a ń yọ yẹn. A kò rí èsì fún un.

Ìgbà náà ni a lọ bẹ bàbá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá kò tilẹ̀ kọ́kọ́ béèrè súpánà. Ó bi awakọ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó ní kí a fún òun ní jáàkì kan àti ẹfun kan. Ó ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀, ó yí i, ó sì di ẹfun mú sí ẹ̀gbẹ́ rímù láìmira. Ẹfun kan rímù níbì kan ṣoṣo. Kò kàn án níbi yòókù. Rímù ti wọ́, bóyá gálọ́ọ̀pù kan ni ó bọ́ sí. Bàbá tún di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín, a sì gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀. Nọ́ọ̀tì tí ó mú béárìn ti tú díẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rímù, wọ́n fún nọ́ọ̀tì náà bí ó ti yẹ, ijó sì parí. Owó tí a fi ṣe èyí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a ti ná ṣáájú.

A bi bàbá léèrè bóyá olè ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó ní rárá o. Tie rod náà ti jẹ lóòótọ́, ṣọ́ọ̀kì náà ti rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n jíjó ni ó jẹ wọ́n. Àwọn kọ́ ni wọ́n fa jíjó. Ẹ̀yin ará, kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: ohun tí ijó bà jẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí ó fa ijó. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì yóò máa ra ọjà títí tí owó yóò fi tán.

Ijó yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí a la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní 1906, iwájú ọkọ̀ ayé ìgbà náà kò díjú. Irin gbọọrọ kan ni ó dábùú lábẹ́ ọkọ̀ láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ẹsẹ̀ òsì. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ni ó gbé ọkọ̀ lé irin náà lórí. Ní orí irin náà lọ́tùn-ún àti lósì, irin bí ìṣó ńlá kan wà tí ẹsẹ̀ fi ń yà. Òun ni à ń pè ní king pin. Bẹ́ẹ̀ ni Ford Model T rí, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ láàárín 1908 àti 1927. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ iwájú ọ̀pọ̀ lọ́rì ńláńlá rí títí di òní.

Lẹ́yìn 1920 ni ijó náà wá gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Ohun méjì ni ó fà á, ìlọsíwájú sì ni àwọn méjèèjì. Èkíní ni táyà. Táyà àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, atẹ́gùn inú rẹ̀ sì máa ń le gan-an. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ Firestone gbé táyà tí ó sanra jáde, èyí tí atẹ́gùn inú rẹ̀ kò le tó ti àtijọ́. Ó tu ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Èkejì ni búrèkì. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní búrèkì sí. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n fi búrèkì sí ẹsẹ̀ iwájú pẹ̀lú, ẹsẹ̀ iwájú sì wúwo sí i. Táyà rọ̀, ẹsẹ̀ wúwo, ni ọkọ̀ bá gbé ijó. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní shimmy, orúkọ ijó kan tí ó lókìkí nígbà náà, tí wọ́n máa ń fi èjìká gbọ̀n jó. Ẹ rí i pé bí àwa ṣe pè é náà ni àwọn náà pè é.

Ohun tí ó ṣòro fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé ọkọ̀ tuntun, tí nǹkan kan kò tú lára rẹ̀, náà ń jó. Nítorí náà wọn kò lè máa fún nọ́ọ̀tì lásán; àfi kí wọ́n jókòó wádìí. Ní 1925, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Broulhiet gbé àlàyé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní Páríìsì. Ó fi hàn pé bí nǹkan bá ti táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ó ń yí, táyà kì í lọ gan-an síbi tí ó kọjú sí; ó máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wo táyà gẹ́gẹ́ bí sípíríǹgì tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà púpọ̀, kì í ṣe rọ́bà tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀ nìkan.

Ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń jó

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a rántí òkòtó tí a ń ta ní kékeré. Bí òkòtó bá ń yí kíákíá, tí a sì fi ìka tì í, kì í ṣubú síbi tí a tì í sí. Ẹ̀gbẹ́ ni ó máa ń yà sí. Ẹ tún lè dán an wò lọ́dọ̀ ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ojú irin àárín rẹ̀ mú, kí ẹnìkan yí i kíákíá kí ó máa yí síwájú. Bí ẹ bá wá dẹ orí rẹ̀ sí òsì, ẹ ó rí i pé yóò fẹ́ yà sí òsì fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń yí i lọ́wọ́ yín. Ohunkóhun tí ó ń yí kíákíá ni ó ní ìwà yìí.

Ó dára. Bí ọkọ̀ onírin ìdábùú bá ń sáré, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì gun òkúta, irin náà yóò dẹ̀ sí òsì. Bí ó ti dẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fẹ́ yà sí òsì. Bí wọ́n ti yà, yíyà náà tún ń ti irin náà padà, ẹsẹ̀ ọ̀tún á balẹ̀, ti òsì á gbéra, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì fẹ́ yà sí ọ̀tún. Bí táyà àti sípíríǹgì bá ń ta á padà lásìkò, ọ̀kan yóò máa ru èkejì sókè. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Bí okùn ṣe ń mi adìyẹ ni adìyẹ ń mi okùn, a kò sì lè sọ pé ọ̀kan ni ó jẹ̀bi.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tú adìyẹ kúrò lórí okùn ni pé kí wọ́n mú irin ìdábùú náà kúrò, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, kí ó máa gòkè kí ó máa sọ̀ láìmú èkejì dẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Lancia ní Ítálì ti ṣe irú èyí nínú ọkọ̀ Lambda ní 1922. Maurice Olley, ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì tí ó ti bá Rolls-Royce ṣiṣẹ́, ni ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ náà ní General Motors ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ wọn ti 1934 sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn fi ohun tí ó dà bí ṣọ́ọ̀kì kékeré há sítíárìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti pa ijó. Ẹni tí ó bá ti wọ abẹ́ Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Òjó ní 1975, ó ṣeé ṣe kí ó ti rí i níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ òde òní kò tilẹ̀ ní irin ìdábùú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè jó. Ohun mẹ́ta ni ó máa ń parapọ̀. Èkíní ni onílù, ìyẹn ohun tí ń ti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá yí: rímù tí ó wọ́, táyà tí ó wú, òjé báláǹsì tí ó já bọ́, tàbí ẹrẹ̀ tí ó gbẹ mọ́ inú rímù lẹ́yìn òjò. Èkejì ni àyè ijó, ìyẹn ohun tí ó tú tàbí tí ó jẹ: béárìn, king pin, ball joint, tie rod, bóòtì àpótí sítíárìn. Ẹ̀kẹta ni kí ìlù bá ẹsẹ̀ mu. Ohun gbogbo tí ó ní sípíríǹgì ní iye ìgbà tí ó fẹ́ràn láti máa mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí yíyí táyà bá bá iye náà dọ́gba, ijó yóò le. Bí eré bá kọjá ibẹ̀, ó lè dẹwọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ mìíràn fi ń jó ní 80, tí ó sì ń dákẹ́ ní 100.

Ẹ má fojú kéré onílù kékeré. Táyà tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 2 ń yí ní nǹkan bí ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ọkọ̀ bá ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí. Bí òjé gíráàmù 30 péré bá já bọ́ létí rímù náà, tí ibẹ̀ sì jìnnà sí àárín tó sẹ̀ńtímítà 18, ipá tí yóò máa fa ẹsẹ̀ kiri dà bí ẹrù tí ó ju kílò 2 àti ààbọ̀ lọ. Ní 40 kìlómítà, ipá náà kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin èyí lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wá ronú ohun tí ipá bẹ́ẹ̀ yóò sọ tie rod dà ní oṣù mẹ́ta.

Bí a ṣe ń wádìí

Ìbéèrè ni ó ṣáájú jáàkì. Ẹ bi awakọ̀ léèrè: ìgbà wo ni ó ń jó? Bí ó bá ń jó ní ìwọ̀n eré kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ fura sí báláǹsì, rímù àti táyà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a bá tẹ búrèkì nìkan ni, ẹ wo díìsì tàbí ìlù búrèkì. Bí ó bá jẹ́ pé gálọ́ọ̀pù ni ó ń dá a sílẹ̀, tí kì í sì í dákẹ́ títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, pàápàá nínú lọ́rì, ẹ wo ohun tí ó tú, king pin, àti bí irin iwájú ṣe jókòó. Ìbéèrè kẹrin ni pé: kí ni a ṣe sí ọkọ̀ náà kété kí ijó tó bẹ̀rẹ̀?

Lẹ́yìn náà, kí a máa ti orí ohun tí kò gba owó lọ sí orí ohun tí ó gba owó.

1. Ẹ fọ inú rímù, kí ẹ sì wo atẹ́gùn táyà méjèèjì. Kí wọ́n dọ́gba, kí wọ́n sì wà ní ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ sára ọkọ̀.

2. Ẹ wo táyà yíká bóyá ó wú níbì kan, tàbí ó jẹ lápá kan. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní 2019. Táyà àlòkù lè dán lójú kí ó sì ti gbó nínú.

3. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè pẹ̀lú jáàkì, kí ẹ fi nǹkan tí ó lágbára ti ọkọ̀ lábẹ́. Ẹ yí táyà, kí ẹ sì fi ẹfun wò ó bí bàbá ti ṣe.

4. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín: èyí ń fi béárìn, king pin tàbí ball joint hàn. Ẹ di í mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ mì ín: èyí ń fi tie rod hàn.

5. Ẹ pààrọ̀ àyè: ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sẹ́yìn, kí ẹ gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú bí wọ́n bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Bí sítíárìn bá dákẹ́, rímù tàbí táyà ni onílù. Ẹ má ra ohun mìíràn.

6. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ẹlòmíràn ń wo abẹ́. Àpótí sítíárìn kò gbọdọ̀ mì lórí bóòtì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sípíríǹgì kò gbọdọ̀ mì níbi tí a dè é mọ́.

7. Ìgbà yìí ni ó tó kan báláǹsì àti títọ́ ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Títọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí béárìn rẹ̀ tú dà bí ẹni tí ń wọn aṣọ fún ọmọ tí kò dúró jẹ́.

Bí ijó bá mú awakọ̀ lójú ọ̀nà, kí ó má ṣe tẹ búrèkì lójijì. Kí ó di sítíárìn mú dáadáa, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó jẹ́ kí eré rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nọ́ọ̀tì tí ń tú lónìí lè já bọ́ lọ́la, èrò méjìlá sì lè wà nínú ọkọ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín láti ṣe

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ gbogbo ìgbìmọ̀ owó yíyá. Èkíní, kí a má ṣe fi ọwọ́ sí owó ọkọ̀ àlòkù láìjẹ́ pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ti fi jáàkì àti ẹfun wo ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, tí a sì ti wà á dé 80 kìlómítà níbi tí òfin gbà á. Èkejì, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó àtúnṣe, kí ó mú ìwé kékeré wá tí yóò fi hàn ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe iye ohun tí wọ́n fẹ́ rà nìkan. Ẹ̀kẹta, kí onídùúró náà lọ fojú rí ọkọ̀ náà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe pé a ń bú yín. Ẹ̀yin ni ẹ mọ iṣẹ́. A kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa wá onílù kí ẹ tó pààrọ̀ ohun tí ijó bà jẹ́.

Bọ́ọ̀sì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó ni ín ti bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè rẹ̀, ó sì ń dá owó àwọn onídùúró rẹ̀ padà ní oṣooṣù. Rímù tí ó wọ́ náà wà ní ọ́fíìsì wa. A fi ẹfun sàmì síbi tí ó ti wọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ wò ó kí ó tó lọ ra ọkọ̀, kí ó yà wá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ó dìgbà kan ná.